Ọmọ Aláìsàn, Òbí Rẹ̀ àti Òfin Ilé Ìwòsàn

Ọmọ ló ni ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Òbí ni òfin fi ṣọ́ ẹ̀tọ́ náà títí ọmọ yóò fi dàgbà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe irú rẹ̀ ní 2007, ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Abala 13 nínú òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé kí ọmọdé ní ìlera tó dára jù lọ tí ọwọ́ lè tẹ̀, ó sì pín ẹrù náà sórí ìjọba àti sórí òbí. Apá tó kan òbí kì í ṣe ìmọ̀ràn lásán. Òbí tàbí alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé. Ẹni tó bá kọ̀ ti ṣẹ̀ sófin, adájọ́ sì lè bu owó ìtanràn lé e. Ọ̀pọ̀ òbí ló ṣì rò pé bó bá wù wọ́n ni wọ́n ń gbà á.

Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko ní Èkó, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba lójú òfin. Àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti àgbègbè ìdàgbàsókè Ìbà tí wọ́n yọ lára rẹ̀ ní 2003. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára níbẹ̀. Bí àìsàn bá ju agbára wọn lọ, ọ̀nà LASU ló gba Ìgàndò lọ sí ọsibítù ìjọba, títì Badagry ló sì lọ sí ilé ìtọ́jú ìyá àti ọmọ ti Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin. Nínú àwọn ọsibítù ńlá ti fásitì, Ìkẹjà ni LASUTH wà, Ìdí-Àràbà ni LUTH wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá tò gbọọrọ ní Ìyànà Ìbà, ilé ìwòsàn aládàáni tó wà ní àdúgbò kejì ni òbí máa ń sáré gbé ọmọ lọ. Bí owó kò bá sí lọ́wọ́, kẹ́míìsì ni.

Ìwé àṣẹ tí Àjọ Apòògùn, ìyẹn PCN, ń fún oní-ṣọ́ọ̀bù oògùn kékeré fàyè gbà á láti ta àwọn oògùn tí kò nílò ìwé dókítà. Kò fàyè gbà á láti gún ọmọ lábẹ́rẹ́ tàbí láti fa omi sí i lára. Ilé ìwòsàn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HEFAMAA, àjọ tí òfin àtúntò ètò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2006 láti máa ṣàyẹ̀wò ilé ìwòsàn ìjọba àti ti aládàáni, kí ilé ìwòsàn náà sì máa tún ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà. Dókítà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ọdọọdún láti ọwọ́ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà. Nọ́ọ̀sì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ìwọ̀sí nínú kí òbí béèrè ìwé wọ̀nyí kó tó jókòó. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé kì í bínú sí i.

Orúkọ tó wà lára pátákó ìta tún yàtọ̀ sí ìmọ̀ tó wà nínú ilé. Gbogbo dókítà tó ní ìwé àṣẹ ló lè tọ́jú ọmọdé, òfin kò kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ àkànṣe nínú ìtọ́jú ọmọdé gbọ́dọ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ kún ẹ̀kọ́ dókítà, kí ó sì ti yege nínú ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn dókítà ti orílẹ̀-èdè tàbí ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lẹ́tà FMCPaed, tàbí FWACP ti ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé, lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ló ń fi èyí hàn. Ọmọ tó ní ibà lásán kò nílò irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, tàbí èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni òfin ti fọwọ́ líle mú jù lọ, òun náà sì ni wọ́n ń tẹ̀ lójú jù. Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ní oṣù kẹwàá ọdún 2014. Abala 20 rẹ̀ sọ pé dókítà, òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ yóò san ₦100,000, tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. “Ohun yòówù kó fà á” kó gbogbo àwáwí tí òbí máa ń gbọ́ lẹ́nu géètì lóru pọ̀: pé kò tíì san dìpọ́sí, pé ọmọ kò ní káàdì níbẹ̀, pé kí ó kọ́kọ́ lọ gba ìwé ọlọ́pàá. Ìwé ọlọ́pàá tilẹ̀ ní òfin tirẹ̀: láti ọdún 2017 ni òfin kan ti sọ pé kí ilé ìwòsàn tọ́jú ẹni tí ìbọn bà láìdúró de ọlọ́pàá. Bí a kò bá gbọdọ̀ dúró de ọlọ́pàá fún ẹni tí ìbọn bà, kò sí ẹni tó lè dúró dè é fún ọmọ tí ọ̀kadà gbá ní títì Okokomaiko.

Ohun tí abala 20 kò sọ ṣe pàtàkì bí ohun tó sọ. Kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú náà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ìtọ́jú ni yóò ṣáájú, owó ni yóò tẹ̀ lé e. Ọmọ tí gìrì ń mú gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò dá gìrì náà dúró. Ọmọ tí kò lè mí dáadáa gbọ́dọ̀ rí atẹ́gùn gbà. Bí ilé ìwòsàn náà kò bá ní ohun èlò tó kù, kí wọ́n ṣe èyí tí agbára wọn ká, kí wọ́n sì fi ìwé darí rẹ̀ sí ibi tó ní in. Lẹ́yìn tí ara ọmọ bá ti balẹ̀, wọ́n lè béèrè owó wọn. Àwọn onílé ìwòsàn aládàáni náà ní ẹjọ́ tiwọn, nítorí àwọn ló ń ra dísù, àwọn ló ń san owó òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń gba ìtọ́jú tán tí wọ́n á sá lọ. Òfin kan náà ya owó sọ́tọ̀ nínú àpò ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, ó kéré tán ìdá 1 nínú 100, ó sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ibi tí òfin yìí ti rọ̀ ni ìyà rẹ̀: ₦100,000 ti ọdún 2014 kò wọn nǹkan kan mọ́ lójú ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n nìkan ló kù nínú rẹ̀.

Bí ọmọ bá ti dé orí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀tọ́ òbí láti mọ ohun tó ń lọ bẹ̀rẹ̀. Abala 23 nínú Òfin Ìlera kan náà sọ pé kí òṣìṣẹ́ ìlera sọ bí ara aláìsàn ṣe rí, irú ìtọ́jú tó wà, àǹfààní àti ewu ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye tí yóò náni, àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá kọ̀ ọ́. Kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tó yé ẹni náà, bí ìmọ̀ ìwé rẹ̀ bá ṣe mọ. Ní agbègbè tí Àwórì, Ẹ̀gùn, Ìgbò àti Haúsá jọ ń gbé yìí, ọ̀rọ̀ èdè kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìyá tí wọ́n fi ìwé iṣẹ́ abẹ lé lọ́wọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ní kó tẹ̀ka, tí kò sì mọ ohun tó wà níbẹ̀, kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní ìyọ̀ǹda tó nítumọ̀.

Òbí tàbí alágbàtọ́ ló ń fọwọ́ sí ìwé fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n ní ọjà Alaba, òbí lè wà nínú ṣọ́ọ̀bù títí di àṣálẹ́ kó jẹ́ ìyá àgbà tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ni yóò gbé ọmọ dé ọsibítù. Ìlànà ìwà tí MDCN kọ fún àwọn dókítà rí èyí tẹ́lẹ̀: mọ̀lẹ́bí tó súnmọ́ ọmọ jù lè dúró fún un, bí kò bá sí ẹnì kankan, dókítà tó ga jù ní ilé ìwòsàn náà lè pàṣẹ ohun tí yóò gba ẹ̀mí là, bí ọ̀rọ̀ bá sì díjú, wọ́n lè gba àṣẹ ilé-ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ilé-ẹjọ́ yìí ti ṣẹlẹ̀ ní Èkó gan-an. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1997, wọ́n gbé ìkókó kan tí kò tíì pé oṣù kan padà sí ilé ìwòsàn ilé-iṣẹ́ epo kan ní Lẹ́kí. Àrùn ti wọ̀ ọ́ lára gan-an, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti gbẹ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló lè gbà á là. Ìyá rẹ̀, Ẹlẹ́rìí Jèhófà, kọ̀ jálẹ̀. Ọlọ́pàá gba ilé-ẹjọ́ májísíréètì lọ, adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ohun tó bá yẹ láti dá ẹ̀mí ọmọ náà sí, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó sì gbádùn. Ìyá rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́ gíga, ó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì gbé e dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Oṣù kẹta ọdún 2019 ni wọ́n tó parí rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 22, ìyá náà sì pàdánù. Adájọ́ Olabode Rhodes-Vivour ló ka ìdájọ́ tó ṣáájú.

Ilé-ẹjọ́ kan náà ti sọ ní 2001, nínú ẹjọ́ dókítà kan àti ilé-ẹjọ́ ìbáwí MDCN, pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, kódà bí ikú ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìdájọ́ 2019 kò yí ìyẹn padà. Ohun tó fi kún un ni pé ẹ̀sìn òbí kì í ṣe ẹ̀sìn ìkókó. Ọmọ kò tíì lè yan ohun tí yóò kú fún, kò sì sí ẹni tó lè bá a yàn án. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ yóò rí fún òbí tó fẹ́ gbé ọmọ tó ń kú lọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì nítorí àgbo tàbí nítorí ìṣọ́ òru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà.

Owó ìtọ́jú ló máa ń dá wàhálà ìkẹyìn sílẹ̀. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà gbé jáde ní oṣù keje ọdún 2018, tí Igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ṣí aṣọ lójú rẹ̀, ka ẹ̀tọ́ 12 sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí aláìsàn mọ iye tí nǹkan jẹ́, kí wọ́n sì ṣàlàyé ìwé owó fún un. Ẹ̀tọ́ tó lágbára ju ìyẹn lọ wà nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999, abala 35: kò sí ẹni tó lè gba òmìnira ẹlòmíràn láìjẹ́ pé òfin fún un láṣẹ. Ilé ìwòsàn tó ti ní kí ọmọ máa lọ sílé, tó wá ti ìyá àti ọmọ mọ́ wọ́ọ̀dù nítorí gbèsè, ti rú òfin yẹn. Gbèsè ni owó ọsibítù, ilé-ẹjọ́ ni wọ́n sì ti ń gba gbèsè. Pípe ọlọ́pàá kò yí èyí padà, nítorí Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kọ̀ fún wọn láti mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán. Ìlànà ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 jẹ́ kí ẹlòmíràn lè pe ẹjọ́ lórúkọ ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Ètò adójútòfò ìlera wà kí ọ̀rọ̀ má baà dé ibẹ̀: òfin 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Ìlera Èkó sì ni orúkọ èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó ń ṣe. Kí òbí tó sanwó, kí ó béèrè ilé ìwòsàn tó wà nínú rẹ̀ nítòsí àti irú àìsàn ọmọdé tí ètò náà gbà.

Fáìlì ọmọ wà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n àṣírí inú rẹ̀ kì í ṣe tiwọn láti tú. Abala 26 nínú Òfin Ìlera ka ìròyìn aláìsàn sí ohun ìpamọ́. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 sì sábà máa ń béèrè ìyọ̀ǹda òbí kí ẹnikẹ́ni tó lo ìsọfúnni ọmọdé fún ohun tí kì í ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ya fọ́tò ọmọ tó sì gbé e sórí WhatsApp láìgbàṣẹ ti ṣe ohun tí kò tọ́. Òbí lè béèrè ẹ̀dà èsì àyẹ̀wò nígbà tó bá ń lọ síbòmíràn. Káàdì àjẹsára ní tirẹ̀, ilé ni kó máa gbé. 

Ẹni tí nǹkan kò bá tọ́ lójú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwòsàn náà. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ilé, ìmọ́tótó tàbí ìwé àṣẹ, HEFAMAA ló ni ín. Bí ó bá kan ìwà tàbí àìbìkítà dókítà, MDCN ni wọ́n ń kọ ẹ̀sùn sí pẹ̀lú ìwé ìbúra. Ilé-ẹjọ́ ìbáwí wọn lè bá dókítà wí, kí ó dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí kí ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Wọn kì í bá òbí gba owó gbà-máà-bínú. Ilé-ẹjọ́ ló ń ṣe ìyẹn. Ẹni tí kò lè sanwó lọ́yà lè lọ bá OPD, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ará ìlú ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí kì í gba owó iṣẹ́. Bí ọmọ bá kú tí ìdí rẹ̀ kò sì yé ẹbí, òfin kọ́rónà ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ti wà láti 2007, jẹ́ kí wọ́n béèrè fún ìwádìí, èyí tó rọrùn jù kí wọ́n tó sìnkú.

Àkókò kò dúró de ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọsibítù ìjọba. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ kí agbẹjọ́rò wọn lè sọ pé oṣù 3 péré ni gbèdéke láti pe ẹjọ́, ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kà á. Kí òbí tó bọ́ nínú ọ̀fọ̀, oṣù kan ti lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló yẹ kí ìwé tí wọ́n fi ń béèrè ẹ̀dà fáìlì ọmọ ti dé ọsibítù, kí ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ gbà lù sì wà lọ́wọ́ òbí.