Àgbájọ Ọwọ́

Ọdún 1904 ni Trinity College níbí ní Dublin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba obìnrin wọlé. Nígbà náà, bó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin náà gbọ́dọ̀ jáde nínú ọgbà. Ẹgbẹ́ àríyànjiyàn àwọn ọkùnrin kò sì gbà wọ́n. Ní 1905, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀: Elizabethan Society. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni onítìjú ti ń kọ́ bí a ṣe ń dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ, ibẹ̀ ló ti ń rí ọ̀rẹ́ tó dà bí ọmọ ìyá. Ẹ̀yin ọmọ wa obìnrin tó wà ní yunifásítì, ẹ má dá jókòó sí yàrá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ wá ẹgbẹ́ rere.