Ẹ̀rí Inú Egungun



Ní Ìgbẹ̀ìn tí wọ́n gbé tọ́ mi dàgbà, bí ọ̀dọ́ kan bá kú lójijì, ìbéèrè tí a máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kì í ṣe "Àìsàn wo ni?" bí kò ṣe "Ta ni ó ṣe é?" A sì ní òwe tí a fi ń dá ẹjọ́ náà: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Ìyá arúgbó tí kò mọwọ́ mọsẹ̀ ni ó sábà máa ń ru ẹrù ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí mìíràn ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí, èyí tí òkú fúnra rẹ̀ ń jẹ́.

Ní 1895 ni Röntgen, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì, rí ìtànṣán tí ń la ẹran ara kọjá, èyí tí a mọ̀ sí ẹ́síréè. Ọdún yìí kan náà ni ilé ìwòsàn ìjọ Àgùdà bẹ̀rẹ̀ ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta. Kí 1896 tó parí, wọ́n ti fi ìtànṣán yìí yẹ òkú àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ wò. Ní 1971, wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT yẹ aláìsàn wò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìpele ìpele ni ẹ̀rọ yìí ń ya inú ara, bí ẹni rẹ́ búrẹ́dì wẹ́wẹ́ láìfi ọ̀bẹ kàn án. Kọ̀ǹpútà ni ó sì ń to àwọn àwòrán náà pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọba Tutankhamun ti Íjíbítì ṣe àpẹẹrẹ. Ó wàjà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 19, ó sì ti lé ní 3,300 ọdún. Ní 1968, ẹ́síréè fi èérún egungun hàn nínú agbárí rẹ̀. Kíá ni àwọn kan wí pé ńṣe ni wọ́n lu ọba pa; wọ́n tilẹ̀ nàka sí ìjòyè tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀. Àjẹ́ ké lánàá! Ní 2005 ni wọ́n gbé òkú náà sínú ẹ̀rọ CT, tí wọ́n ya àwòrán bí 1,700. Wọn kò rí àmì pé ẹnikẹ́ni lù ú lórí: lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni egungun náà ṣẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni itan òsì tí ó dà bí ẹni pé ó ṣẹ́ kí ó tó kú, tí kò sì tíì jinná. Ní 2010, àyẹ̀wò mìíràn tún fi àmì kòkòrò ibà hàn nínú ara rẹ̀, ibà tí ẹ̀fọn ń kó ràn wá títí di òní. N kò wí pé ibà ni ó pa á. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kùmọ̀ orí ti wó lulẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì ńkọ́? A máa ń wí pé àìsàn ọkàn jẹ́ àrùn ayé òde òní. Ní 2013, àwọn oníwádìí kéde ohun tí ẹ̀rọ CT rí lára òkú 137 láti Íjíbítì, Peru àti Àríwá Amẹ́ríkà. Lára 47 nínú wọn ni wọ́n ti rí àmì ohun líle bí ẹfun tí ó dì mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀. Àrùn náà kì í ṣe àlejò.

Ní ilẹ̀ tiwa, òjò àti ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí egungun pẹ́. Síbẹ̀, ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ walẹ̀ kan egungun ènìyàn ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Àkúrẹ́, tí ó ti lé ní 11,000 ọdún. Èyí tó láti fi hàn pé àwa náà ní ẹlẹ́rìí.

Ẹnìkan lè wí pé àbùkù ni èyí fún òkú. Àwa olùkọ́ èdè máa ń fi egungun àti egúngún kọ́ ọmọ ní àmì ohùn. Egúngún ni ará ọ̀run tí ó wá bá wa sọ̀rọ̀. Egungun náà ń sọ̀rọ̀, bí a bá fi ọ̀wọ̀ tẹ́tí sí i. Ẹ̀rọ kò gé, kò sì ya. Ṣùgbọ́n àṣẹ ẹbí gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí àwọn ọmọ bá hú egungun àtijọ́ nínú ilẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù; ẹ ké sí àwọn onímọ̀. Bí ọ̀dọ́ bá sì kú ní àdúgbò, ẹ jẹ́ kí "Àìsàn wo ni?" ṣáájú "Ta ni ó ṣe é?"