Ẹ Ṣí Sókáwéè Wò Kí Ẹ Tó Sanwó Ilé

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogboogbò

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí ń rùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fara da òórùn rẹ̀, ẹ gbọ́ inú rẹ̀.

A gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ nídìí ìsọ̀. Ẹ ní a ti dá owó jọ tán, onílé ti gbà láti tà, kí ló wá ń dá ìgbìmọ̀ dúró lórí ilé ẹ̀yìn ọjà tí a fẹ́ fi ṣe gbọ̀ngàn ìpàdé àti ibi ìkẹ́rù-sí? Ẹni kankan ò jẹ nínú owó náà. Ó wà ní báǹkì, ẹni tó bá fẹ́ wo ìwé rẹ̀, kó wá wò ó. Sókáwéè ló dá wa dúró.

Ẹ jẹ́ ká rántí arábìnrin wa kan. A ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́ kí ẹlòmíì lè fi kọ́gbọ́n. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ta ata. Ó yá owó alájẹṣẹ́kù lọ́dọ̀ wa, ó fi kún tiẹ̀, ó ra ilé oníyàrá mẹ́fà. Oṣù kìíní ló rà á, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ ń fẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé náà, ó ń dán. Ó da omi sílé ìyàgbẹ́, omi lọ wọ̀ọ̀. Àwa ẹgbẹ́ wo ìwé ilẹ̀, a wo risíìtì, lọ́yà ní gbogbo rẹ̀ pé. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó dé ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, omi tí wọ́n bá dà bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Nígbà tó di oṣù keje, ìdọ̀tí ń yọ nílé ìwẹ̀. Ó pe táńkà tó ń fa ìgbẹ́, wọ́n fà á. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó tún kún. Ó bá àwọn ayálégbé jà pé wọ́n ń da omi jù. Mẹ́ta nínú wọn kó jáde. Owó ilé tó yẹ kó fi san gbèsè wa di owó táńkà. Kò wá sípàdé mọ́, àwa sì ń bú u pé ajẹgbèsè ni. Ọjọ́ tí a lọ sin gbèsè nílé rẹ̀ ni a tó fi imú ara wa gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

A mú bíríkìlà lọ. Ó gbẹ́ ilẹ̀ wò, kò jìn tó fi kan àpáta. Ihò sókáwéè náà wá dà bí ìkòkò, omi kò ríbi gbà lọ. Àwọn ará àdúgbò ní àwọn mọ̀ tipẹ́. Wọ́n ní ẹni tó talé ti pe táńkà wá fà á lóru ọjọ́ tí ilẹ̀ mọ́ tó ní kí arábìnrin wa wá wolé. A bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ. Wọ́n ní, "Ẹ ò bi wá." Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹni tó talé ti lọ ní tiẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ológì, ẹ má bínú sí wa. Bí ẹ bá da ògì sínú ìkòkò, èyí tó wúwo á sílẹ̀, omikan á léfòó. Bẹ́ẹ̀ ni táńkì ìgbẹ́ rí. Èyí tó wúwo á sílẹ̀ nínú táńkì, omi orí rẹ̀ á gba páìpù lọ sínú sókáwéè. Ìyẹn ni ihò tí wọn kì í rẹ́ ara rẹ̀ ní sìmẹ́ǹtì, kí ilẹ̀ lè máa mu omi náà díẹ̀díẹ̀. Bí ilẹ̀ kò bá mu ún, kò sí bí ẹ ṣe fà á tó tí kò ní tún kún. Ìbàdàn wa yìí jókòó lórí àpáta, ibi tí òkúta kò jìn pọ̀ níbẹ̀. Ní àbàtà Èkó, omi abẹ́ ilẹ̀ ló wà nítòsí. Ìyà kan náà ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra ilé:

Èkíní, ẹ lọ wò ó lẹ́yìn òjò ńlá. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni, ẹ bi aládùúgbò àti ayálégbé pé báwo ló ṣe ń rí nígbà òjò. Ẹ má jẹ́ kí àgẹ́ǹtì dá a yín lóhùn fún wọn.

Èkejì, ẹ wo ilẹ̀. Bí ilẹ̀ ìdí sókáwéè bá tutù nígbà ọyẹ́, tí koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí òórùn ń jáde, tàbí tí sìmẹ́ǹtì orí rẹ̀ jẹ́ tuntun, ẹ bi wọ́n léèrè.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà ṣí i. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n fà á kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé fún bíi wákàtí kan, kí ẹ tún padà wò ó lọ́jọ́ kejì bóyá omi ti lọ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀, ẹ má sì ṣáná sí i. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pa ènìyàn, ó sì lè gbiná. Ẹni tó bẹ́ wọlé láti yọ ẹni àkọ́kọ́ náà lè kú síbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wò ó bóyá orí ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà ni ó wà, àbí orí ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ tún wo ọ̀nà, bóyá táńkà lè dé ibẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wo kàǹga. Ó yẹ kó jìnnà sí sókáwéè tó 30 mítà, bí 100 ẹsẹ̀ bàtà, kó sì wà ní apá òkè. Púlọ́ọ̀tì tí a sábà ń rà kò ju 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ, nítorí náà ẹ wo sókáwéè aládùúgbò náà. Ní 2021, onígbáméjì pa ènìyàn tó lé ní 3,500 ní Nàìjíríà. Omi tí ìgbẹ́ kàn wà lára ọ̀nà tó ń gbà wọlé.

Bí ẹ bá rí àbùkù, ìyẹn ò ní kí ẹ má rà á. Kí onílé tún un ṣe kó tó gbowó, tàbí kó yọ owó àtúnṣe kúrò. Kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Ẹ ò lè ra àpò ẹ̀wà kan kí ẹ má ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ má yẹ kòkòrò wò. Kí ló dé tí a fẹ́ fi owó gbogbo wa ra ilé lójú lásán? Onílé ẹ̀yìn ọjà ní kò sídìí láti ṣí sókáwéè. Àwa ní a ò ní sanwó àyàfi bó bá ṣí i.

Ohun méjì la fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí lónìí. Kí ẹ fún wa láyè títí òjò ńlá méjì á fi rọ̀. Kí ẹ sì gbà ká dá èlé dúró lórí gbèsè arábìnrin wa, kó lè gbẹ́ sókáwéè tuntun ní iwájú ilé, níbi tí bíríkìlà ti rí ilẹ̀ tó jìn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà níbẹ̀ nígbà tó ń rà á, a ò sì wò ó fún un.

Ajé á wá wa rí. A ò ní fowó ra ẹjọ́ o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́