Kí Àfòpiná Tó Wọ Inú Ẹ̀rọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kòkòrò kan ló mú kí wọ́n máa pe àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ní "bug", ìyẹn kòkòrò lédè Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni pé kòkòrò náà wà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, ní Yunifásítì Harvard, àwọn òṣìṣẹ́ rí àfòpiná kan tó há sínú swíìṣì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 70 nínú kọ̀ǹpútà Mark II. Wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n rí "bug" gidi. "Gidi" yẹn gan-an ni ẹ̀rí mi: wọ́n ti ń lo orúkọ náà kí kòkòrò tó dé.

Ẹnìkan lè ní Grace Hopper, akọni obìnrin nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ló sọ ìtàn náà. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1878, Thomas Edison, olùhùmọ̀ nǹkan, ti fi ọ̀rọ̀ kan náà kọ lẹ́tà nípa àwọn àléébù kéékèèké tó máa ń yọjú lára ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, tó sì máa ń gbà á ní ọ̀pọ̀ oṣù kó tó yanjú wọn. Kò tíì sí kọ̀ǹpútà kankan láyé nígbà náà.