Bí Ìbò Bá Kọ Ààrẹ, Tí Ààrẹ Sì Kọ̀ Láti Lọ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ìdànrè

 

Ohun tí a gbé wá síwájú yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Bí àwọn ará ìlú bá dìbò, tí wọ́n yan ẹlòmíràn, tí Ààrẹ tí ó wà lórí oyè sì wí pé òun kò ní lọ, kí ni òfin lè ṣe? A mọ̀ pé ní ọdún 2015, nígbà tí ìbò kọ Ààrẹ Goodluck Jonathan, òun tìkára rẹ̀ ni ó fi tẹlifóònù kí Muhammadu Buhari kú oríire kí wọ́n tó kéde àbájáde tán. A yìn ín fún èyí. Ṣùgbọ́n ìwà rere ẹnì kan kì í ṣe odi ìlú. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa pé oyè ní òpin. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí ìjọba Aláàfin bá di ìnira fún ìlú, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ní àṣẹ láti kọ̀ ọ́, ọba tí a bá sì kọ̀ ní láti kú. Ẹ kíyè sí i pé wọn kì í bá ọba wọ̀yá ìjà nítorí adé. Wọ́n ń kọ̀ láti bá a ṣe ìjọba mọ́ ni. Òfin òde òní sàn ju àṣà yìí lọ ní ọ̀nà kan: kò béèrè ẹ̀mí olóyè, oyè nìkan ni ó béèrè.

Ìwé Òfin Ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 wí ní abala 135 pé ọdún mẹ́rin ni Ààrẹ yóò lò láti ọjọ́ tí ó búra. Abala kan náà wí pé yóò wà lórí oyè títí arọ́pò rẹ̀ yóò fi búra. Níhìn-ín ni kókó ọ̀rọ̀ wà: ìbúra ni kọ́kọ́rọ́ oyè. Ẹni tí kò bá fẹ́ lọ yóò wá ọ̀nà láti dí ìbúra arọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹni tí ó gbìyànjú èyí ní gbangba nítòsí wa ni Yahya Jammeh ti ilẹ̀ Gáḿbíà, tí ó fi ipá ológun gba ìjọba ní ọdún 1994. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2016, Adama Barrow ní ìbò 227,708, Jammeh ní 208,487. Ní ọjọ́ kejì Jammeh gbà pé òun ti fìdí rẹmi. Nígbà tí ó di ọjọ́ 9 oṣù náà, ó yí ohùn padà. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀kùn tí ó kàn, kí a sì fi òfin tiwa wé e.

Ilẹ̀kùn kìíní ni ilé ẹjọ́. Ẹgbẹ́ Jammeh bẹ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kí ó dá ìbúra Barrow dúró. Àwọn adájọ́ kò tó iye tí yóò jókòó lórí ẹjọ́ ìbò náà, Adájọ́ Àgbà Emmanuel Fágbénlé, ọmọ ilẹ̀ wa Nàìjíríà, sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ dídá ìbúra dúró. Ní ti àwa, abala 285 fi ààlà sí i: ọjọ́ 21 láti pe ẹjọ́, ọjọ́ 180 láti dá a, ọjọ́ 60 fún ìpẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ ìdí ààlà yìí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2007 wọ́n kéde pé Gómìnà Olúṣẹ́gun Àgàgù ni ó borí. Olúṣẹ́gun Mímíkò gba ilé ẹjọ́ lọ. Ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2009 ni Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó parí ọ̀rọ̀ náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì tí ẹni tí ó borí fi dúró lóde. Ní ọdún 2010 ni a ṣe àtúnṣe sí òfin tí ó fi ọjọ́ 180 àti ọjọ́ 60 wọ̀nyí sí i. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kejì ìdájọ́ náà Mímíkò búra, Àgàgù sì lọ láìsí ìjà. Ẹ fi èyí wé oṣù Kẹjọ ọdún 1983, nígbà tí wọ́n kéde Akin Ọmọ́bóríowó dípò Gómìnà Adékúnlé Ajásin. A sun ilé, a pa ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé ẹjọ́ ni ó dá oyè padà fún Ajásin níkẹyìn. Ilé tí ó jóná kò fi ìbò kan kún ti Ajásin.

Ilẹ̀kùn kejì ni ilé aṣòfin. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2017, Jammeh kéde òfin pàjáwìrì. Ní ọjọ́ kejì àwọn aṣòfin rẹ̀ fi oṣù mẹ́ta kún ìjọba rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, abala 305 wí pé bí ilé aṣòfin bá ń jókòó, òfin pàjáwìrì yóò kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì àfi bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ilé méjèèjì bá fọwọ́ sí i. Ogun tí ó wọ inú ilẹ̀ wa nìkan ni ó lè mú kí wọ́n fi àkókò kún ti Ààrẹ, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n lè yọ Ààrẹ pẹ̀lú abala 143, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn jìn, ìgbìmọ̀ ẹni méje ní oṣù mẹ́ta láti ṣe ìwádìí. Nítorí náà, agbára aṣòfin ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni láti má ṣe gbé ọwọ́ sókè fún un.

Ilẹ̀kùn kẹta ni ìbúra fúnra rẹ̀. Barrow kò lè búra ní ìlú Banjul. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ó búra ní ilé aṣojú Gáḿbíà ní Dakar, ayé sì gbà á. Abala 140 tiwa wí pé Adájọ́ Àgbà, tàbí ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ni yóò mú Ààrẹ búra. Kò dárúkọ ilé kan tí a gbọ́dọ̀ ti ṣe é. Kí èyí má ṣe ya ará Ìdànrè lẹ́nu. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lórí òkè títí di òní, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn baba wa sọ̀ kalẹ̀, oyè bá wọn sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí àwọn ènìyàn bá wà ni oyè wà.

Ilẹ̀kùn kẹrin ni ìbọn. Igbá kejì Jammeh, Isatou Njie-Saidy, fi ipò sílẹ̀. Ọ̀gá àwọn ọmọ ogun, Ousman Badjie, wí pé àwọn ológun òun kò ní jà nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Àwọn ọmọ ogun ECOWAS wọ ilẹ̀ náà, àwọn Ààrẹ Guinea àti Mauritania sì bá a sọ̀rọ̀; ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kí a pe ológun tiwa wá gba ìjọba: abala 1 kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ṣe ìjọba lọ́nà tí òfin kò là.

Bí àwọn onílẹ̀kùn bá pín sí méjì, ẹ̀jẹ̀ ni í tẹ̀ lé e. Ní Ivory Coast ní ọdún 2010, àjọ ìdìbò kéde Alassane Ouattara, Ìgbìmọ̀ Òfin fagi lé ìbò àwọn agbègbè kan, ó sì kéde Laurent Gbagbo. Nǹkan bí 3,000 ènìyàn kú kí wọ́n tó mú Gbagbo ní oṣù Kẹrin ọdún 2011.

Ẹ̀yin olóyè, ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí. Ààrẹ tí ìbò kọ̀ kò ní ọwọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ adájọ́, ọwọ́ aṣòfin, ọwọ́ ológun, ọwọ́ akọ̀wé ìjọba ni ó ń lò. Ó sì ń lo ẹsẹ̀ àwọn olóyè tí ó lọ kí i lẹ́yìn tí àkókò rẹ̀ ti pé. Bí gbogbo wọn bá fà sẹ́yìn, ẹnì kan ṣoṣo ni ó jókòó nínú ilé ńlá. Kí àwọn àgbà dá àwọn ọ̀dọ́ dúró kúrò nídìí iná, kí àwọn pẹ̀lú sì dá ara wọn dúró kúrò nídìí ẹ̀bùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí a rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì dé, kí ó bá wa níbi tí òfin ní kí a dúró sí. Àṣẹ.