Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn: ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé wa

Ẹ ní kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí à ń kọ́ ní yunifásítì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ni mo mú wá, torí kò sílé tí ibà ò tíì wọ̀ láàárín wa.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tiwa, glucose ni. Ti ẹ̀fọn, trehalose ni, ìyẹn glucose méjì tó so pọ̀. Inú ọ̀rá ara rẹ̀ ló ti ń ṣe é. Àmọ́ awọ ọ̀rá ló bo sẹ́ẹ̀lì, ṣúgà ò sì lè dá gba inú ọ̀rá kọjá. Báwo ló wá ṣe ń jáde?

Ẹ rántí ilẹ̀kùn báńkì, èyí tó máa ń há èèyàn sáàárín. Ẹ wọlé, ti ẹ̀yìn á tì kí ti iwájú tó ṣí. Méjèèjì kì í ṣí pọ̀ láéláé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni pùrótéènì tí wọ́n ń pè ní TRET1 ṣe ń ṣiṣẹ́ lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Á ṣí sínú, á gba trehalose, á yí ara padà, á ṣí síta. Kì í ná agbára kankan. Ibi tí ṣúgà bá ti pọ̀ ló ti ń kó o lọ síbi tó kéré.

Ọdún 2007 ni àwọn onímọ̀ ní Japan kéde rẹ̀, lára kòkòrò kan tó ń gbé lórílẹ̀-èdè wa níbí, Polypedilum vanderplanki, inú kòtò omi orí àpáta lápá àríwá. Ìdin rẹ̀ á gbẹ lọ́gbẹlẹ̀, omi ara rẹ̀ á kù bí ìdá 3 nínú 100, tójò bá rọ̀, á jí. Ẹ má rò pé àlọ́ ni o! Trehalose tí TRET1 pín káàkiri ara ló ń dáàbò bò ó.

Ẹ̀fọn ibà náà ní irú ẹ̀. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí, Peter Agre tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2003 wà lára wọn, dín pùrótéènì yìí kù lára ẹ̀fọn. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn fi ìdá 40 nínú 100 lọ sílẹ̀, ooru àti gbígbẹ tètè pa wọ́n, kòkòrò ibà inú ikùn wọn náà dín kù. Inú láàbù ni o, kì í ṣe nǹkan tí ẹ lè rà lọ́jà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká fi dídí kòtò omi òjò sílẹ̀ torí ọyẹ́ á pa ẹ̀fọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀fọn ní ohun tó fi ń fara da gbígbẹ. Àwa ọ̀dọ́ ti ṣetán. Ọkọ̀ yẹ̀pẹ̀ kan àti ṣọ́bìrì la ń tọrọ.