Kóńgò Ta Ni Wọ́n Fi Wọ̀n Wá?

Ẹ̀yin Ẹ̀gbá Aláké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá, Òwu, ọmọ Lísàbí lápapọ̀! Mo rí àwọn tó wá láti Manchester, mo rí ti Dublin, mo sì rí àwọn tó wọkọ̀ òfuurufú láti Houston nítorí ìpàdé yìí. Ilé á gbà wá. Mo mọ̀ pé oúnjẹ ti ń ta sánsán lẹ́yìn ògiri yẹn, n kò ní pẹ́ jù.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi a máa rán mi lọ ra láfún ní ọjà Láfẹ́nwá. Kó tó kó owó lé mi lọ́wọ́, á kìlọ̀ fún mi pé: "Kí o tó jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n, yí kóńgò wọn dojú dé, kí o wo ìdí rẹ̀." Àwọn ọlọ́jà kan wà nígbà náà tí wọ́n máa ń fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú. Láfún á kún dẹ́nu, orí rẹ̀ á ga bí Olúmọ, bẹ́ẹ̀ inú kóńgò ò jìn. Ẹni tó bá ń wo òkè á ní òun rajà gidi. Ẹni tó wo ìdí ló mọ iye tó rà.

Àwọn alákòóso ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn yunifásítì ńlá ayé, àti ipò tí wọ́n ń tò wọ́n sí lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ kóńgò ni.

Láìpẹ́ yìí, a ṣe ìdána kan ní Peckham. Alága ìjókòó bèèrè ibi tí ọkọ ìyàwó ti kàwé. Wọ́n ní Imperial College. Gbọ̀ngàn mì tìtì, onílù fi dùndún kì í, owó ń bọ́ sílẹ̀. Ó kan ìyàwó. Wọ́n ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀, Abẹ́òkúta, kíláàsì kìn-ín-ní. Àtẹ́wọ́ náà rí bí òjò tó ń dá lọ. Alága yára fi kún un pé: "Ṣùgbọ́n ó ti wà ní London báyìí o!" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni ẹ̀rín náà tó korò lẹ́nu mi.

Àpọ́nlé nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí mọ lónìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ìjọba Britain ṣí físà kan fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ní yunifásítì tó lórúkọ jù láyé. Òfin rẹ̀ nígbà náà ni pé yunifásítì náà gbọ́dọ̀ wà lára 50 àkọ́kọ́ nínú ó kéré tán méjì lára ìwé ìtò mẹ́ta: ti Times Higher Education, ti QS àti ti Shanghai. Nígbà tí wọ́n gbé orúkọ jáde, kò sí yunifásítì kan ṣoṣo láti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà níbẹ̀. Ọmọ tó fakọ yọ ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ tàbí ní Alábàtà, ibi tí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Abẹ́òkúta wà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. Ìwé ìtò ti di oníbodè.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yí kóńgò náà dojú dé. Ti Shanghai, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ń ka ẹ̀bùn Nobel. Tó bá kan àwọn olùkọ́, ti físíìsì, kẹ́místírì, ìmọ̀ ìṣègùn àti ètò ọrọ̀ ajé ló ń kà, pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ Fields ti ìṣirò. Ti lítíréṣọ̀ kò sí níbẹ̀. Ọmọ wa láti Aké, Wọlé Ṣóyínká, gba Nobel lítíréṣọ̀ ní 1986, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gbà á. Ká ní orí àga olùkọ́ ni ẹ̀bùn náà ti bá a, kò ní fi ẹyọ kan kún òǹkà yunifásítì tó gbà á síṣẹ́ nínú ìtò Shanghai. QS ní tirẹ̀ a máa kọ̀wé sáwọn ọ̀jọ̀gbọ́n káàkiri ayé pé kí wọ́n dárúkọ ibi tí wọ́n gbà pé ó dára jù. Ibi tí wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni wọn yóò dárúkọ. Orúkọ ń bí orúkọ, bí owó ṣe ń bí owó.

Àwọn tó wà lókè gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2022, ní New York, Michael Thaddeus, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Yunifásítì Columbia, wo ìdí kóńgò ilé ìwé tirẹ̀. Ipò kejì ni U.S. News tò wọ́n sí ní Amẹ́ríkà. Ó jókòó, ó ṣe ìṣirò, ó ní ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ kò bá òótọ́ mu. Yunifásítì náà jẹ́wọ́ àṣìṣe lórí díẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n já sí ipò kejìdínlógún. Olùkọ́ kò yí padà, yàrá ìkàwé kò yí padà, àga tí àwọn ọmọ ń jókòó lé kò yí padà. Wọ́n kàn lu ìdí kóńgò jáde ni.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà, ti àwọn yunifásítì ìjọba pa fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọmọ tí ìbá ti jáde jókòó sílé. Kò sí kóńgò tó lè fi ìyẹn pamọ́. Ẹni tí yẹ̀pẹ̀ wà nínú láfún rẹ̀, kó kọ́kọ́ kù ú kó tó bá kóńgò jà.

Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé rí. Ní 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, Walter Elliot ni alága rẹ̀, pé kí wọ́n wo bí ẹ̀kọ́ gíga yóò ṣe rí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ ni Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School, ẹni tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní Dàódù. Nígbà tí àbọ̀ dé ní 1945, ọ̀nà méjì ló pín sí. Àwọn kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso níbẹ̀, kí wọ́n kọ́ ọ sí Ìbàdàn, kí owó àti olùkọ́ má bàa fọ́n ká. Àwọn tó pọ̀ jù ní kó jẹ́ mẹ́ta: Nàìjíríà, Gold Coast, àti Fourah Bay ní Sierra Leone.

Ẹ rò ó wò. Ìbàdàn kò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Ká ní ọ̀kan ṣoṣo ni, ẹnu ọ̀nà wa ni ògo náà ìbá bọ́ sí. Àwọn ọmọ Accra àti Freetown ni ìbá máa kó ẹrù wá bá wa. Síbẹ̀ Dàódù àti àwọn ọmọ Áfíríkà méjì yòókù nínú ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí mẹ́ta. London kọ́kọ́ gba ti ọ̀kan ṣoṣo. Àwọn ará Gold Coast ní àwọn ò gbà, àwọn á ná owó àwọn sí i. Ní 1948, Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, tiwọn náà bẹ̀rẹ̀. Òun ni a mọ̀ sí Yunifásítì Ghana, Legon, lónìí. Ẹ bi àwọn tó jáde níbẹ̀ bóyá ó yẹ kó wà.

Ẹ wá bá mi dé Alábàtà. Ní 1983 ni wọ́n dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1984 wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ka Yunifásítì Èkó. Ní 1988 ó tún dá dúró, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́; òun ni a ń pè ní FUNAAB lónìí. Níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fúnmi Adébámbo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti mú adìẹ ìbílẹ̀ wa, èyí tó ń jẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa ìran rẹ̀ títí tó fi di FUNAAB Alpha: adìẹ tó sanra ju ti àtijọ́, tó ń yé jù ú lọ, tí oòrùn àti eruku ilé kò sì já mọ́ nǹkan fún. Ìwé ìtò lè ka àpilẹ̀kọ tí wọ́n kọ lórí adìẹ náà. Kò mọ bí a ṣe ń ka ẹyin tó wà nínú agbọ̀n obìnrin tó ń sìn ín lábà.

Mo wá dórí ẹ̀bẹ̀ mi. Fọ́ọ̀mù ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa, ojú ìwé kejì, ìlà kẹrin: wọ́n ní ọmọ náà gbọ́dọ̀ wà ní yunifásítì tó wà lára ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ láyé. Èmi wà nínú ìgbìmọ̀ tó ṣe é. Ọwọ́ èmi yìí ló kọ ìlà náà. A rò pé a ń gbé orúkọ Ẹ̀gbá ga ni. Kóńgò tí wọ́n fi rẹ́ wa jẹ ní ibodè, àwa náà rà á, a gbé e wálé, a fi ń wọn ọmọ tiwa.

Ní ìpàdé ọ̀la, ẹ jẹ́ ká pa ìlà náà rẹ́. Ká máa bi ọmọ pé: kí lò ń kọ́, ọ̀dọ̀ ta ni o ti ń kọ́ ọ, iṣẹ́ rẹ yóò sì dé ọwọ́ ta ni? Ká sì ya apá kan owó náà sọ́tọ̀ fún yàrá àyẹ̀wò kan nílé, ká máa bèèrè àbọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún láìtijú, nítorí láfún wa náà gbọ́dọ̀ mọ́.

Ìyá mi kò mọ̀wé. Ó mọ ìdí kóńgò.

Ẹ lọ jẹun. Mo gbọ́ pé láfún wà níbẹ̀.